Ibi Tí Ahọ́n Kẹta Gbé Wà

Moríta gbé kásẹ́ẹ̀tì méjì wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìperu
lọ́jọ́ tí iná dé láàárọ̀ tí kò sì lọ títí ọ̀sán.
Ó ní téèpù ọ̀kan já, kí n bá òun lẹ̀ ẹ́.
Orúkọ kan náà ni wọ́n fi gègé dúdú kọ sára méjèèjì,
lẹ́tà wọn bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí iyanrìn tútù.

Ṣamísẹ̀n ni, ó ní. Okùn mẹ́ta,
ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́, àpótí tí wọ́n fi awọ ológbò bò.
Mo wo ológbò mi lábẹ́ bẹ́ǹṣì.
Òun náà wò mí.

Mo lẹ téèpù tán, a jọ gbọ́ ọ.
Èkíní ń rìn bí ẹni tó ru ìkòkò omi tó kún dẹ́nu,
ó ń dúró, ó ń mí, ó tún ń gbẹ́sẹ̀.
Ó dé àárín, ó dákẹ́.
Mo ti nawọ́ sí bọ́tìnì, mo ṣe bí téèpù tún já ni.
Moríta gbá mi lọ́wọ́: "Fi í sílẹ̀. Ó ṣì ń lọ."

Èkejì kò dúró níbẹ̀ rárá.
Ohùn mẹ́rin ló dà síbi tí èkíní gbé dákẹ́,
wéré wéré, bí òjò àkọ́rọ̀ tó já lu páànù.
Mo ní, "Èwo wá ni ojúlówó?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olùkọ́ òun ló ta èyí,
àbúrò olùkọ́ olùkọ́ òun ló ta ìyẹn,
ẹni tó bínú kúrò nílé tó sọdá odò.
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sanwó, ó wọ ọkọ̀ Ṣàgámù.

Èmi ò wá lè jáwọ́ nínú ìdákẹ́ náà.

Nítorí agídìgbo ni Odùgbẹ̀san bàbá mi ń ta,
orin kan sì wà tí kì í ta fún àlejò,
Àfẹ̀mọ́júmọ́ Odò Ìbù.
Bó bá dé ẹsẹ kejì, ọwọ́ rẹ̀ a gbéra,
a fo ohùn kan, a balẹ̀ sápá kejì,
bí ẹni tó mọ ibi tí àtẹ̀gùn ilé gbé jẹrà.
Àwa ọmọ kọ́ fífò náà bí ẹni kọ́ oríkì.
A ní òun ni àmì ilé wa.
A ń fi àwọn ará Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe yẹ̀yẹ́
pé wọ́n ń rọ ohùn sí i bí ẹni ń rọ ọmọ lágbo.

Nígbà tí bàbá kú, Ọ̀sínúgà wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó,
arúgbó tí eyín rẹ̀ ku méjì.
Ó gbé agídìgbo lé itan, ó gbọ̀n ọ́n wò,
ó fi àtàǹpàkò tẹ ahọ́n kẹta. Kò dún.
"Èyí ló ṣẹ́ lọ́dún tí odò kún wọlé.
Alágbẹ̀dẹ tó máa tún un ṣe lọ sí Gánà, kò dé mọ́.
Baba yín ní kí òun ṣì máa fò ó ná."
Ó gbójú sókè. "Ṣé kò wí fún yín ni?"

Kò wí fún wa.
Ọgbọ̀n ọdún la fi bọ irin tó ṣẹ́ bí òrìṣà.

Alẹ́ ọjọ́ tí Moríta lọ, mo gé ayùn ògbólógbòó,
mo fi fáìlì rẹ́ ẹ, mo so ó mọ́ ipò kẹta,
mo ta orin náà ní kíkún. N ò ní parọ́,
ó dùn ju ti bàbá mi lọ.
Ìyá mi, Efúnbọ̀wálé, ń jọ gàárì lẹ́yìnkùlé.
Ó pè mí: "Àlejò wo lo gbà sílé?"

Mo tún un ta. Mo dé ẹsẹ kejì,
ọwọ́ mi gbéra fúnra rẹ̀.
Mo gbọ́ tí ajọ̀ dúró
fún àyè ohùn kan péré,
kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí mì.