Ìdájọ́ Kò Kọjá Odò

Ní Moorhead, òórùn ilé iṣẹ́ ṣúgà ń bá afẹ́fẹ́ rìn,
ó dùn díẹ̀, ó rà díẹ̀,
ó wọ aṣọ mi tẹ̀ lé mi dé kóòtù.
Mo jókòó sórí àga onígi pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn,
orúkọ mi ni ìkẹtàdínlógún nínú ìwé ẹ̀sùn.

Adájọ́ Halvorsen yọ gíláàsì, ó nù ún,
ó tún un wọ̀, ó tún un yọ.
Ó ní: "Ọmọ tí a bí síhìn-ín, ti ìhín ni.
Àṣẹ tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo dá a dúró
fún àwọn tó wá síwájú mi,
fún ìpínlẹ̀ yìí,
títí àwọn tó jù mí lọ yóò fi sọ̀rọ̀."

Lọ́yà wa dìde: "Ìhà kejì odò ńkọ́?"

Ilé dákẹ́. Ẹ̀rọ amúlégbóná ń hó bí ìkòkò.
Ìyá náà wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí tábìlì,
ọwọ́ àgbà, iṣan rẹ̀ yọ;
mo rántí kèrègbè ilé wa
tí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ò lè wọ̀.
"Ibi tí wọ́n pààlà fún mi nìyí.
Bí mo bá fò ó lónìí torí ire,
ẹlòmíràn á fò ó lọ́la torí ibi."
Kò parọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Ìbídùnní àbúrò mi ń gbé ní Fargo.
Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án.
Láti ojú wíńdò mi mo ń rí iná yàrá rẹ̀.
Ìgbésẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún lé méjìlá ni afárá,
mo kà á lálẹ́ ọjọ́ náà,
ọbẹ̀ nínú ike, ìwé ìdájọ́ nínú àpò.
Lábẹ́ mi, odò ti di yìnyín gbagidi;
ajá kan rìn ín já, kò bi ẹnikẹ́ni.

Ìbídùnní ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.
"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tìrẹ ti di onílé,
èmi wá lóyún àlejò."
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín.

Òru ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún ní aago mẹ́ta.
"Omi ti dà," ó ń mí hẹlẹ,
"mo ti wọ bàtà, mo ti jáde."
Mo fa ẹ̀wù wọ̀ lódì.
"Ta ló wà pẹ̀lú rẹ? Ibo lo dé?"
"Àárín afárá.
Mo di irin mú.
Ìwọ lo kà á, àbí?
Ó ku ìgbésẹ̀ mélòó?"