Ta Ni 20417?

Aago méjì òru ní Hull. Òjò ń rọ wínníwínní,
afẹ́fẹ́ ń ti Humber bọ̀, ó ń kan fèrèsé
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.
Maureen Thackray pè mí láti yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀:
"Ó gbà mí wọlé o, àmọ́ kò mọ̀ mí."

Òótọ́ ni. Ó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, ilẹ̀kùn ṣí,
ẹ̀rọ wá kọ ọ́ síwájú rẹ̀ gbangba: *Èmi kò lórúkọ.*
Níbi tó yẹ kí thackray wà, 20417 ló jókòó.
Mo wo àwọn fáìlì: nọ́ńbà lórí nọ́ńbà,
bí àga ilé ìwòsàn tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí lẹ́yìn.

Nínú Línúùsì, aṣọ́nà lọ́tọ̀, akọ̀wé lọ́tọ̀.
Mo bi sáfà ìwé orúkọ nísàlẹ̀ ilé:
"Ta ni 20417?" Ó dáhùn wàrà:
"Thackray, Maureen. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí, ilé rẹ̀ nìyí."
Ta wá ni kò mọ̀ ọ́n?

Mo ṣí fáìlì kékeré tó ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí yóò ti bèèrè.
*Wo inú ilé.* Ó parí síbẹ̀.
Ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe lọ́jọ́ Ẹtì ló pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́,
lẹ́tà mẹ́ta péré,
ẹ̀rọ wá ń wá àlejò nínú àpò ara rẹ̀.
Mo dá lẹ́tà mẹ́ta padà. Mo ní ó ti tán.

Kò tán.
Mo yẹ okùn wò, mo yẹ aago wò,
mo ka ìlà náà sókè bí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
Maureen gbé tíì wá, mílíìkì ti pọ̀ jù, mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Ìgbà náà ni mo rántí: ẹ̀rọ yìí máa ń fi àìmọ̀ pamọ́.
Ó bèèrè lẹ́ẹ̀kan, wọn kò dá a lóhùn,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
ó wá ń ka àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ fún mi, ojú rẹ̀ kò mì.
Mo ti pàdé irú wọn ní ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú.
Mi ò sọ ìyẹn jáde.

Mo pa ìrántí rẹ̀ rẹ́. Mo tún bèèrè.
Orúkọ tú jáde: thackray, thackray, lowther, siddiqui,
àti tèmi, ajibewa, láìní àmì kankan, mo ṣáà dá a mọ̀.
Maureen pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan.

Ó ku ọ̀kan. 20388. Fáìlì mọ́kànlá,
èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì.
Mo bi ìwé orúkọ. Kò sí. Mo tún un bi.
Mo ti fẹ́ẹ́ tú ẹ̀rọ wò látìbẹ̀rẹ̀
kí Maureen tó fọwọ́ kàn mí léjìká.
"Clive ni," ó ní. "Òun ló máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé yẹn.
Oṣù tó kọjá ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀."

Mo kọ ìròyìn iṣẹ́: àṣìṣe kan, mo ti tún un ṣe,
aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú.
Fáìlì mọ́kànlá yẹn, mo fi wọ́n sílẹ̀ bí mo ṣe bá wọn.