Ọ̀kadà Orí Yìnyín

Òdúnúgà fi fídíò ránṣẹ́ láti Kánádà:
ó gun nǹkan kan tí kò ní táyà,
tó ń fàyà fà bí ejò lórí yìnyín;
èémí ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí ooru ìkòkò.
"Ẹ̀gbọ́n, èyí sàn ju tiyín lọ.
Kò sí kòtò, kò sí tírélà, kò sí ọlọ́pàá."

Oríta Ìṣarà ni mo wà,
obìnrin olóbì lẹ́yìn mi, apẹ̀rẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀.
Àpá orúnkún mi ṣì ń yún mi,
láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ kan lọ́nà Ìpara
fẹ́ sọdá, tó tún yí ọkàn padà.
Akoto mi? Ó kọ́ sí ọwọ́ ọ̀kadà,
inú rẹ̀ ni mo ń kó ṣénjì sí.

Mo pè é. "Kí ló wà lábẹ́ yìnyín yẹn?"
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Adágún ni."
"Ṣé ó jìn?"
"Wọ́n ní ó jìn."

Háà. Ilẹ̀ tiwa a máa gbá ni létí,
ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni. Bí mo bá ṣubú
wọ́n á rí mi he. Àwọn fọkanáísà á sáré wá,
wọ́n á bomi sí mi lórí, wọ́n á tún bú mi.
Ta ni yóò sáré bá ọ, Dúnúgà,
níbi tí ilẹ̀ ti lè la ẹnu?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń dé akoto.

Olóbì ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ, oòrùn ń mú."
Mo da ṣénjì sápò,
mo dé e.
Ó ń rùn bí owó.