Eérú La Fi Fa Ìlà

Baba Abéjìrìn kò gbá bọ́ọ̀lù rí.
Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti rọ láti kékeré,
ó máa ń fà á tẹ̀ lé ara rẹ̀
bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ dé ọjà.
Síbẹ̀, ní gbogbo Ìsánlú,
òun ló ń mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ
kí bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tó mọ̀.

Ẹni bá pẹ́ dé, garawa eérú kan.
Kì í na ọmọ, kì í pariwo.
A ó lọ bẹ àwọn ìyá tó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé-ìwé,
a ó ru eérú wá sí pápá,
òun á fi agolo mílíìkì fa ìlà,
ìlà á sì wọ́ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wọ́.
Àwọn ará Mọ̀pà fi igun yẹn ṣe wá yẹ̀yẹ́.
Wọ́n tún gbá góòlù mẹ́ta wọlé wa.

Ìwé kan wà lábẹ́ abíyá rẹ̀, èèpo rẹ̀ pupa.
"Okun o," á kí wa bí ẹni ń kí àgbà,
"yàtọ̀ sí oko, yàtọ̀ sí ìwé kíkà,
kí ló ń mú inú rẹ dùn?"
Ẹnikẹ́ni kò bi wá bẹ́ẹ̀ rí.
Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ ní labalábá.
Ìbíyẹmí ní kí òun máa fi páálí kọ́lé.
Olúpitàn ní, "Oorun, sà."
A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀.
Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ ọ́:
Oorun. Ẹ má jí i títí aago mẹ́rin.
Ìyá rẹ̀ ń jí i lóru lọ pọnmi.

Èmi ní mo fẹ́ fọn fèrè.
Àwọn ọmọkùnrin hó lé mi lórí.
Ó bọ́ ti ọrùn rẹ̀, tòun ti okùn bàtà tó fi so ó,
ó nù ún mọ́ bùbá.
Lọ́jọ́ kìíní mo fún Fọlárìn, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ní káàdì pupa.
Baba kọjú sí òkè,
ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀rín.

Ìgbà tí ìgbìmọ̀ fẹ́ ta pápá fún oníṣọ́ọ̀bù,
kò pe lọ́yà, kò ranrí.
Ó ṣí ìwé, ó ń ka orúkọ wa,
ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ọwọ́ wa fẹ́,
títí epo fi fẹ́ tán nínú fìtílà.
Nígbà tó kan ọmọ-ọmọ alága,
alága ní ó tó.

Òjò ló bá wá sáyé, ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Abéjìrìn.
Ọjọ́ tí a sin ín, òjò kò wá.
Oòrùn ń pa wá, kajú ń já bọ́ lẹ́yìn wa,
ọmọdé kankan kò bẹ̀rẹ̀ he é.
Lọ́jọ́ kẹta ló tó rọ̀,
ó rọ̀ mọ́jú, ó fọ ìlà pápá dànù.

Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀,
Olúpitàn ti dé ṣáájú mi,
garawa eérú lórí,
ẹni tí kò pẹ́.
A fà á, a fà á, a dé igun òsì.
Ẹnì kan mú okùn wá pé kí ó lè tọ́.

Mo fọn fèrè.