Tẹ̀ Ẹ́, Dúró, Kó O Tó Sọ̀rọ̀

Ṣọ́ọ̀bù Edelmira Chiguay kò ju yàrá kan lọ,
ó kọjú sí èbúté Chonchi, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè.
Rédíò ló wà lórí pákó, lára ògiri, lábẹ́ àga:
àwọn tó ti kú, àwọn tó ń ṣàìsàn,
àwọn tuntun nínú páálí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pariwo sí létí.
Èmi ni mò ń jó wáyà pọ̀ lẹ́yìn káńtà.

Kì í bi ọ́ pé, "Èló lo mú wá?"
Ó máa ń bi ọ́ pé, "Ta lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀?
Kí ló wà láàrin yín: omi ni, igbó ni, àbí òkè?"

Ọmọkùnrin apẹja kan wọlé, èyí tó ń dán ló ń wá,
èyí tó lè wọ àpò ṣòkòtò.
"Èyí yẹn dára," ni Edelmira wí, "fún birikilà orí ilé
tó fẹ́ pe ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì nísàlẹ̀.
Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ rẹ bá dojú dé, yóò mu omi ṣáájú rẹ.
Mú èyí. Ó wúwo, kò lẹ́wà,
àmọ́ bó bá já bọ́ sómi, á léfòó,
á máa ṣẹ́jú pupa nínú òkùnkùn.
Ìkànnì kẹrìndínlógún ni kó o dẹtí sí.
Ibẹ̀ là ń ké 'ẹ gbà mí' sí; a kì í fi í tàkùrọ̀sọ.
Bátìrì kejì, abẹ́ ẹ̀wù ni kó o fi í sí, lára awọ rẹ,
òtútù ń jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ igi."

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni baba Eliseo Nahuelquín dé,
fìlà irun àgùntàn lórí, omi ń kán nímú rẹ̀.
Fidelisa, ìyàwó rẹ̀, wà ní erékùṣù òdìkejì,
ó ń bá àbúrò rẹ̀ tó rọ lẹ́sẹ̀ sin àgùntàn.
Fóònù kì í mú níbẹ̀.
"Kìlómítà mẹ́fà péré," baba wí. "Mẹ́fà!"

"Jíjìn kọ́ ló ń dá rédíò dúró, òkè ni.
Ibi tí ojú ò bá tó, kì í fẹ́ dé ibẹ̀."
Ló bá bá a lọ nínú òjò,
wọ́n fi okùn ìpẹja so èrìàlì mọ́ ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì,
wáyà gígùn kan sọ̀ kalẹ̀ wọ ilé ìdáná baba.

Lálẹ́, baba tẹ bọ́tìnì, ó pariwo lójú ẹsẹ̀.
Ìdajì orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣòfò: "...lisa! ...lisa!"
"Tẹ̀ ẹ́. Dúró. Mí lẹ́ẹ̀kan. Kó o tó sọ̀rọ̀.
Bó o bá sọ tán, yọwọ́.
Ẹni tó di bọ́tìnì mú kò lè gbọ́ nǹkan kan."

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti jọ ń gbé,
ọdún mẹ́tàlélógójì tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Nísinsìnyí, ọ̀kan á sọ tirẹ̀, á ní "ó kù sọ́wọ́ rẹ",
èkejì á gbà á.
Baba wá gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí:
pé Fidelisa ò fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé rẹ̀,
ojú baba ló ń wò.

Kí n má purọ́, gbogbo wa là ń gbọ́.
Kì í ṣe ògiri nìkan ló létí.
Àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹja sámọ́nù ń gbọ́,
awakọ̀ ojú omi Queilen ń gbọ́, ó tún ń rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan baba tẹ bọ́tìnì, kò sọ nǹkan kan.
Òjò orí páànù rẹ̀ la gbọ́.
Ó yọwọ́. Ó pẹ́ díẹ̀,
òjò orí páànù tìyàwó náà dáhùn.
Kò sẹ́ni tó dá sí i lórí ìkànnì yẹn.

"Bátìrì wọn á tètè tán," ni Edelmira wí.
Ó na ọwọ́ sí rédíò tiwa,
kò pa á.