Kó Tó Kan Àlùmọ́gàjí

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé e wá láti Odòjọmù,
ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí sánmà bí ẹran Iléyá.
Àga ọdún tí kòkó gbówó lórí.
Mo fi ìkúùkù tẹ̀ ẹ́ wò:
sípíríǹgì kan ké, èkejì ò dáhùn.

"Ẹ bá mi sọ ọ́ di tuntun," ni Akínfọlárìn wí,
ọmọ tó ń gbé Àkúrẹ́, tó ń wo aago.
"Bàbá ti lọ. Àga ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e."

Mo ní ó dáa. Mo mú abẹ fẹ́lẹ́.
Ẹni tó fẹ́ gé pátánì kì í kọ́kọ́ sáré wá aṣọ tuntun;
ti àtijọ́ ló ń tú, lójú rírán, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
kò gbọdọ̀ ya, torí àkísà yẹn ni ìwé tí a ó kà.
Mo ń tú rírán, ìrántí ń jábọ́:
hóró kòkó kan, ó ti pọ́n bí eyín àgbà,
bọ́tìnnì, kọ́bọ̀ oníhò,
ààbọ̀ lẹ́tà tí èkúté ti ka ìyókù.

Mo tẹ́ pépà sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù,
mo to àwọn ègé lé e: ìjókòó, ẹ̀yìn,
apá ọ̀tún, apá òsì.
Apá méjèèjì ò dọ́gba.
Mo yí wọn padà, mo tún wọn wọ̀n, mo bú téèpù.
Ìbú ìka mẹ́ta ni òsì fi ju ọ̀tún lọ.
Ibẹ̀ ni Bàbá ń fara tì,
ogójì ọdún, síhà fèrèsé,
tó ń wo ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ bóyá mọ́tò ń bọ̀.

Ni mo bá rí ṣọ́ọ̀kì búlúù lẹ́yìn aṣọ, lábẹ́ eruku:
ÒSÌ. MÁ GÉ E KÚRÒ.
Mo mọ ọwọ́ yẹn.
Ta ló tún ń kọ gí tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja?
Ìyá Fámúwàgún, ọ̀gá mi,
tó fi rúlà gbá mi léjìká lọ́jọ́ tí mo gé àyè rírán dànù,
tó ní, "Ara kì í ṣe tábìlì, Bọ́sẹ̀dé."
Ó ti tú àga yìí rí
kí n tó mọ bí a ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fi ìtẹ̀sí sílẹ̀ fún báyìí?
Òkú kì í fara ti nǹkan.
Mo gbé rúlà lé pépà kí n fà á gún.

Ìrọ̀lẹ́, Akínfọlárìn dé, ó wá bèèrè iye owó.
Kò sí àga míì; ó jókòó lé e bẹ́ẹ̀,
lórí sípíríǹgì àti àpò kòkó lásán.
Fóònù rẹ̀ dún, ó gbé e,
ó fara tì.

Òsì.

Mi ò sọ fún un.
Nígbà tó lọ tán, mo mú ṣọ́ọ̀kì,
mo yí ẹ̀yìn àrán tuntun sókè
kí n kọ nǹkan fún ẹni tí yóò tún tú u.
Mo wá ọ̀rọ̀ tèmi tì.
Mo kọ ti ọ̀gá mi.

Ó wá kan àlùmọ́gàjí.