Àwòrán Mọ́kàndínlógún

Temüülen ké láti igun yàrá:
"Màmá, ó tún ti ń fò!"
Mo rò pé ẹyẹ ló wọlé.
Géèmù ni.
Ẹṣin tó ń gùn lójú kọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ kan sókè,
ó gbàgbé ẹ̀ sáàárín òfúrufú,
kó tó rántí gbé e sílẹ̀
ọ̀tá ti yìnbọn, ọmọ mi ti kú,
ó jí, ó tún kú.

Nọ́ńbà kékeré aláwọ̀ ewé kan wà lókè níbẹ̀.
Mọ́kàndínlógún ni mo kà.
Ó ní iye àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nìyẹn,
ọgọ́ta ló yẹ kó jẹ́.
Mo ní, "Tó o bá gba irú máàkì yẹn bọ̀ láti iléèwé ńkọ́?"
Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀.
Ó ti gba òjìji lọ́wọ́ àwọn igi,
ó ti fá koríko, ó ti pa ìràwọ̀ rẹ́ lójú ọ̀run,
odò tó ń dán tẹ́lẹ̀ ti wá dà bí rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀.
Ó fún káàdì àwòrán ní ètò tuntun,
ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn.
Nọ́ńbà gun ogún,
ó wo ìsàlẹ̀, ẹ̀rù bà á,
ó rọra sọ̀ kalẹ̀.

"Káàdì mìíràn ló máa yanjú ẹ̀, Màmá."
Ó dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á.
Mo ní kó tún un sọ, kó má sáré.
Owó oṣù méjì mi ni,
láìjẹun, láìra igi ìdáná.

Èmi ò mọ géèmù.
Ṣùgbọ́n ọdún kẹtàdínlógún mi rèé
nídìí báílà ilé iṣẹ́ iná ní Ulaanbaatar.
Mo mọ ohùn ẹ̀rọ tí kò rí èémí mí.
Mo gbé etí lé àpótí náà:
ó ń mí gúlegúle bí àgùntàn tí ajá lé gun òkè.
Níta, òtútù ti di ọgbọ̀n lábẹ́ òdo,
omi tí mo dà nù láàárọ̀ ti di gíláàsì,
nínú ilé mi, ooru ń pa nǹkan kú lọ.
"Ta ló gbé e ti sítóòfù?"
Ó wolẹ̀.
"Ibẹ̀ ni ìka mi kì í ti í dì."

Mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ tú nọ́ọ̀tì mẹ́rin.
Fáànù ò ṣeé dá mọ̀ mọ́.
Nǹkan dúdú ti hun ara rẹ̀ mọ́ ọn lára,
ó ki, ó nípọn,
èèyàn lè fi rán ìbọ̀sẹ̀.
Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbóòórùn ẹ̀,
mo dákẹ́.

Mo mọ̀ ọ́n.
Èédú tí à ń kó sẹ́nu báílà lóru ni,
èyí tó ń di iná, tó ń gba wáyà wá sílé mi,
tó ń lé ẹṣin ọmọ mi sáré;
èéfín rẹ̀ náà ló gba ojú fèrèsé wọlé
tó so ẹṣin yẹn lẹ́sẹ̀.

Mo wo àyà ọmọ mi lábẹ́ súwẹ́tà.
Kò sí nọ́ńbà aláwọ̀ ewé kankan níbẹ̀
tí n bá kà.

Mo ní kó fi ìka di fáànù mú kó má yí.
Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ni mo fi gbọ̀n ọ́n, lẹ́nu ọ̀nà,
òjò dúdú ń rọ̀ sórí yìnyín.
Ọ̀rá tó ń gbé ooru lọ, tó ti rà látìgbà ẹ̀rùn,
tí ẹ̀rù ò jẹ́ kó ṣí,
ó tẹ̀ ẹ́ síbi tó yẹ, bí hóró ìrẹsì kan,
ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n.
A gbé àpótí lọ sídìí ògiri tútù
níbi tí mílíìkì máa ń dì sí.

Mo ti wọ kóòtù, bọ́ọ̀sì iṣẹ́ ti ń fọn fèrè.
"Mẹ́tàlélógójì!"
"Ṣé ìyẹn tó?"
"Ẹ wá wò ó ná."
Mo padà wọlé tàwọn bàtà.
Ẹṣin náà ń lọ,
ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń balẹ̀ tẹ̀lé ara wọn
lórí ilẹ̀ tí kò ní koríko, lábẹ́ igi tí kò ní òjìji.
Mo wò ó títí bọ́ọ̀sì fi tún fọn fèrè.

Lẹ́yìn náà mo lọ síbi iṣẹ́,
mo lọ kó èédú síná.